Oòrùn, Òjìji àti Iná Sólà

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní fún ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan kan bá dí oòrùn lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ àwòrán dúdú tí ènìyàn, igi tàbí ilé fi lélẹ̀ ni a ń wò, òjìji ni à ń pè é. Bí ó bá sì jẹ́ ibi tí a lè jókòó sí kí ara tù wá ni a ní lọ́kàn, ibòòji ni. Òjìji jẹ́ ti ohun tí ó ni ín. Ibòòji jẹ́ ti ẹni tí ó wá sinmi sábẹ́ rẹ̀. Òjìji lè ba ènìyàn lẹ́rù lálẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo ti fi ń kọ́ni ní èdè yìí, n kò gbọ́ kí Yorùbá kan fi ẹnu burúkú kan ibòòji. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Àwọn tí ó gbé sólà sórí òrùlé wọn ni, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí náà ní ìtàn, ìtàn ọ̀hún ni mo sì fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé igi ti ń wó nítorí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò tí ibòòji wà nínú ètò ìlú wa, kí ó wo orúkọ àdúgbò. Ìdí-Ìrókò wà ní ibodè Nàìjíríà àti Benin. Ìdí-Àràbà wà ní Èkó. Ìdí-Ayùnrẹ́ kò jìnnà sí Ìbàdàn, Ìdí-Arẹrẹ sì wà nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí kò sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Igi tí àwọn ènìyàn ń pàdé ní ìdí rẹ̀ ni wọ́n sọ. Ní ti odán, a kì í dúró de ẹyẹ tàbí afẹ́fẹ́ kí ó tó hù. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a máa ń gé gún mọ́lẹ̀ níwájú ààfin, ní ojúde àti láàárín ọjà, tí yóò sì ta gbòǹgbò. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ta ayò, abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Ìbòrí tí àwọn baba wa gbìn fún ìlú ni odán, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń kọ́ gbọ̀ngàn.

Ohun tí ó wá sọ oòrùn di ohun tí a ń wá kiri, gbogbo wa ni ó ṣojú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦480, jẹnẹrétọ̀ sì di ohun tí a ń tàn tìṣọ́ratìṣọ́ra. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹyọ iná kan tí àwọn oníbàárà ipele A ń san ₦68 fún tẹ́lẹ̀ fò sókè sí ₦225. Ẹni tí kò rò ó rí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye owó sólà.

Ìmọ̀ tí ó wà nídìí sólà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1839 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Edmond Becquerel, ọmọ ọdún 19, ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí irin pẹlẹbẹ tí òun rì sínú omi oníkẹ́míkà, iná díẹ̀ máa ń ṣàn. Ní ọdún 1883, Charles Fritts ní New York tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sẹ̀lẹ́níọ́mù, ó sì rí iná gbà láti ara oòrùn, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìdá agbára oòrùn tí ó bọ́ sórí rẹ̀, kò rí ìdá kan gbáko lò. Ó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1954 kí àwọn mẹ́ta kan, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, tó gbé èyí tí ó wúlò síta. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di iná. Nǹkan ìṣeré ọmọdé kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi yí lójú àwọn oníròyìn.

Ibi tí wàhálà òjìji ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn pẹlẹbẹ dúdú tí a ń rí nínú gíláàsì pánẹ́ẹ̀lì ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó tóbi o, ó kéré o, kò lè mú ju nǹkan bí ìdajì fóòtì wá. Bí ó bá dá dúró, òjìji kò ní í ṣe é ní nǹkan ìyanu: bo ìdajì rẹ̀, ìdajì iná ni yóò mú wá. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìdajì fóòtì ṣe? Bátìrì fóòtì 12 kò lè gba agbára láti ọwọ́ ohun tí kò lágbára tó o. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra lórí ìlà kan, kí ìdí èyí kan orí ìkejì, títí tí yóò fi tó 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sólà ran ẹ̀rọ tẹlifóònù lọ́wọ́ ní Americus, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1955, sẹ́ẹ̀lì 432 ni wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ náà. Bí a ti so wọ́n pọ̀ ni a ti so àyànmọ́ wọn pọ̀.

Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀wẹ̀ ilé amọ̀ rí yóò tètè yé. Àwọn tí ń po amọ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀mọ̀lé wà lórí ògiri, àwọn ọ̀dọ́ sì tò láàárín wọn tí wọ́n ń ju ìṣù amọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sí bí àwọn yòókù ti lè yára tó, iye ìṣù tí ó ń dé orí ògiri kò lè ju iye tí ẹni tí ó lọ́ra jù ń gbà lọ. Bí ọ̀kan bá tòògbé, iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlà sẹ́ẹ̀lì. Iná tí ó ń ṣàn nínú gbogbo wọn kò lè ju èyí tí sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò lè gbà kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà burú ju ti ọ̀wẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ń tàn sí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń sùn láàárín wọn. Wọn kò dẹ́kun àti máa tì í. Amọ̀ ń pé jọ sí oókan àyà ẹni tí ó ń tòògbé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó máa mú iná wá á yí padà, á di ẹni tí ń jẹ iná tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú wá, iná tí ó sì jẹ á di ooru lára rẹ̀. Ojú ibẹ̀ lè gbóná ju omi híhó lọ. Ó lè la gíláàsì, ó lè jó ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, ó sì ti dá iná sílẹ̀ rí. Yorùbá ní bí ìka kan bá tọ́ epo, a máa ran àwọn yòókù. Nínú pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ìka tí ó tọ́ epo náà ni ó tún ń jóná.

Ohun kan wà nínú èyí tí ó ya mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ìkùukùu fẹ́lẹ́ bá bo gbogbo ojú ọ̀run, iná yóò dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí sẹ́ẹ̀lì tí yóò fa èkejì sẹ́yìn, nítorí pé bákan náà ni ó ṣe gbogbo wọn. Ìgbẹ́ ẹyẹ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní ọ̀sán gangan, lè ṣe jàǹbá tí ìkùukùu kò lè ṣe. Òjìji tí ó wá láti òkèèrè, bí ti wáyà iná tí ó ga fíofío, kì í dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á ti là á kọjá. Èyí tí ó sùn mọ́ gíláàsì gan-an ni kí a bẹ̀rù: ewé, ìgbẹ́ ẹyẹ, òpó táǹkì omi tí ó dúró ti òrùlé.

Òfuurufú ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ bá òjìji jà tọkàntọkàn, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gun àkàbà lọ nu pánẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ta sátẹ́láìtì Vanguard 1 sókè ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1958, ohun roboto kan tí kò tó kìlógíráàmù méjì ni. Ohun roboto kò lè ṣe kí ẹ̀yìn rẹ̀ má wà nínú òjìji ara rẹ̀. Wọ́n wá pín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí ojú mẹ́fà yí i ká, kí ó lè jẹ́ pé bí ó ti wù kí ó yí sí, oòrùn yóò rí díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń lo bátìrì nìkan dákẹ́ láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tí ó ń lo oòrùn kò dákẹ́ títí di ọdún 1964.

Ìtàn Skylab ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ilé tí Amẹ́ríkà ta sí òfuurufú kí ènìyàn lè máa gbé inú rẹ̀ ni, ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1973. Bí ó ti ń gòkè ni asà ara rẹ̀ fà ya. Asà náà ni ó yẹ kí ó gba oòrùn sílẹ̀ fún un. Bí ó ti ń lọ, ó fa apá sólà kan ya dànù, àfọ́kù rẹ̀ sì há apá kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé kí ó má lè ṣí. Ẹ wo ìṣòro náà. Inú ilé ń gbóná kọjá ohun tí ara ń gbà nítorí pé kò sí ibòòji, bẹ́ẹ̀ ni iná kò tó nítorí pé sólà kò rí oòrùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, àwọn mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ti agboòrùn ńlá kan síta láti inú ilé, wọ́n ṣí i bò ó, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, Pete Conrad àti Joseph Kerwin jáde sí òfuurufú, wọ́n gé irin tí ó há apá sólà yẹn, ó sì nà tán. Ilé kan náà, wọ́n wá ibòòji fún apá kan, wọ́n gba apá kejì lọ́wọ́ òjìji. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní a gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, Skylab ni mo máa ń rántí.

Wọn kì í borí nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ẹ̀rọ Philae tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sórí ìràwọ̀ onírù kan balẹ̀, ó ta, ó sì lọ há sí abẹ́ òjìji àpáta. Dípò wákàtí mẹ́fà sí méje tí wọ́n retí pé oòrùn yóò fi máa tàn sí i ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ ni ó ń rí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí bátìrì rẹ̀ fi tán. Ó jí fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 nígbà tí ìràwọ̀ náà sún mọ́ oòrùn, ó sì tún sùn.

Lórí ilẹ̀ ayé, oògùn tí wọ́n rí fún sẹ́ẹ̀lì tí ń tòògbé ni ẹ̀yà kékeré kan tí à ń pè ní dáyóòdù, ẹnu ọ̀nà tí kì í gba iná láyè ju apá kan lọ. Wọ́n á pín sẹ́ẹ̀lì pánẹ́ẹ̀lì kan sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, wọ́n á so dáyóòdù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òjìji bá bo ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kan, iná á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀dọ́ kan bá dìde ní ibi ọ̀wẹ̀ tí ó sì ń sáré gbé ìṣù amọ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ọ̀kan nínú wọn sùn. Láàárín ọdún 1975 sí 1986, àwọn onímọ̀ ní Jet Propulsion Laboratory ní Amẹ́ríkà dán oríṣiríṣi pánẹ́ẹ̀lì wò, wọ́n ń wá ohun tí ń bà wọ́n jẹ́. Ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá pánẹ́ẹ̀lì yóò la ooru òjìji já wà nínú ìlànà 61215 tí àjọ àgbáyé IEC gbé jáde ní ọdún 1993.

Dáyóòdù gba pánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ iná jíjó, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ àdánù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kan ní sẹ́ẹ̀lì 60, ewé kan sì bo ọ̀kan. Ìdá kan nínú 60 ni ewé bò, àmọ́ odidi ọ̀wọ́ kan, sẹ́ẹ̀lì 20, ni dáyóòdù yóò yọ kúrò nínú iṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta iná ti lọ. Bí pánẹ́ẹ̀lì náà bá wà lóòró, tí òjìji ògiri kúkúrú sì bo ìlà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kàn, kò sí ohun tí yóò jáde. Tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kan náà sí ìbú, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni òjìji náà yóò mú. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí ó gbòde ní ọdún àìpẹ́ yìí, tí a gé sẹ́ẹ̀lì wọn sí méjì-méjì, dára díẹ̀ sí i, nítorí pé ìdajì tòkè ń ṣiṣẹ́ lọ bí òjìji bá bo tìsàlẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ibi tí òjìji bọ́ sí àti bí a ti so wáyà pọ̀ ṣe pàtàkì ju bí òjìji náà ti tóbi tó lọ.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó kọ ìwé nípa sólà. Ní Yúróòpù, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti January dé December, igi tí ó wà ní àríwá ilé kò sì ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́ lọ́sàn-án. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n méje ààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ìgbà méjì lọ́dún ni oòrùn máa ń kọjá ní àtàrí wa gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì, àríwá ni ó wà lọ́sàn-án, òjìji a sì máa lọ sí gúúsù. Igi tí ó bá ga ju òrùlé lọ ní mítà 10 yóò na òjìji mítà 6 sí àríwá ní ọ̀sán oṣù Kejìlá; ní ọ̀sán oṣù Kẹfà, kò ní í tó mítà mẹ́ta, gúúsù ni yóò sì dojú kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo igi lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kejì tí ó ní kí a gé e, kò tíì mọ igi náà.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni àwa ọmọ agboolé wa dáwó ra pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ fún ilé bàbá wa. Igi máńgòrò kan wà ní ìhà gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn ilé náà, igi tí a bá ńlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá so sólà wò ó, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá, àfi kí ẹ gé igi yìí.” Àwọn àbúrò wa kan ti ń wá oníṣẹ́ ayùn. Ìyá àgbà, aya ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí abẹ́ igi náà jẹ́ pálọ̀ rẹ̀, dáhùn láti orí àga: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o bá wa gbìn ín ni?” Baálé yíjú sí mi, bí ẹni pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá ń kọ́ni ní iná mànàmáná. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọdún kan.

Ohun tí mo ṣe kò ju kí n máa fi ẹfun sàmì sí ibi tí òjìji dé, bí mo bá ti dé ilé ní òpin ọ̀sẹ̀. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹsàn-án, kò kan òrùlé rárá títí oòrùn fi rọ̀. Láti oṣù Kọkànlá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Àmọ́ orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n so mẹ́jọ pọ̀ sí, ẹ̀rọ tí ń darí iná sí bátìrì kò sì rí ọgbọ́n dá sí wọn. Mo mú àkọsílẹ̀ mi lọ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, òun ni ó sì ní kí a pín wọn sí ìlà méjì, kí mẹ́rin tí igi ń bò máa ní ẹ̀rọ ìdarí tiwọn, kí mẹ́rin tí oòrùn ń rí má bàa máa bá wọn jìyà. Ó ná wa lówó tí ó ju ti oníṣẹ́ ayùn lọ, àwọn kan nínú ẹbí kò sì tíì yéé sọ ọ́. A tún gé ẹ̀ka kan tí ó na ọwọ́ sórí páànù.

Ohun tí ó kù ni ewé gbígbẹ àti ẹyẹlé. Nínú ọyẹ́, eruku náà á tún bá wọn dá sí i. Ọmọ kan ni à ń rán gun àkàbà ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú korobá omi àti àkísà, kí oòrùn tó mú. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí òun bá tún rí lórí àkàbà náà tí ó mú àdá dání, kí ó kọ́kọ́ wá jókòó ti òun lábẹ́ igi kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.